Ọmọ Tí Kì Í Sunkún

Tí a bá fẹ́ yin ọmọ kékeré níbi tiwa ní Èkìtì, ọ̀kan nínú ohun tí a máa ń sọ ni pé kì í sunkún. "Ọmọ yìí dára o, ẹni tó bá wù kí ẹ gbé e fún, kò ní ké." Àwa olùkọ́ jẹ́léósinmi náà kì í gbẹ́yìn nínú ìyìn yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń figbe ta lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tí ìyá ọ̀kan ń bẹ ọlọ́kadà pé kó dákun dúró de òun díẹ̀ sí i, ọmọ tó bá wọlé wẹ́rẹ́, tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, tó lọ jókòó sáyè rẹ̀, ìtura ńlá ló jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Adó-Èkìtì, ohun tí ojú mi sì ti rí nídìí rẹ̀ ti yí èrò mi padà. Ẹkún kì í dẹ́rù bà mí mọ́. Ọmọ tí kò sunkún ni mo máa ń wò lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ mìíràn wà tí ara rẹ̀ balẹ̀ láti ilé wá: á wo ojú ìyá rẹ̀, á juwọ́ sí i, á bá eré rẹ̀ lọ. Tó bá di ọ̀sán tí ìyá dé, ẹ ó rí i bí á ṣe sáré pàdé rẹ̀, tí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bì í ṣubú. Ìyẹn ò ní wàhálà kankan. Ẹni tí mò ń sọ ni ọmọ tí kò bojú wẹ̀yìn láàárọ̀, tí kò sì dìde lọ́sàn-án. Ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ rẹ̀, ọmọ á gbójú sókè wò ó bí ẹni tó ń wo oníkiri ọjà, á sì tún tẹjú mọ́ búlọ́ọ̀kù tó ń tò.

Ọmọkùnrin kan wà tí màmá àgbà rẹ̀ mú wá sọ́dọ̀ wa nígbà tó lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ti lọ kàwé nílùú Ọba, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ètò wọn ni pé tí ẹsẹ̀ àwọn bá ti rinlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn á ránṣẹ́ wá mú un. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni wọ́n ṣe: òru ni wọ́n jáde nílé, nígbà tí ọmọ ti sùn, kó má baà sunkún. Ilẹ̀ mọ́, ó wá ìyá rẹ̀ dé yàrá, dé ilé ìdáná, dé ẹ̀yìnkùlé. Màmá àgbà ní ó lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kejì, ọjà náà ni. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọjà náà ṣì ni, títí ọmọ fi dákẹ́ ìbéèrè. Nígbà tí màmá ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ara wọn ti fúyẹ́: "Kò béèrè rẹ̀ mọ́ o, àǹtí. Ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé."

Kò sí olùkọ́ tí kò ní fẹ́ràn ọmọ náà. Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó ń ká súwẹ́tà rẹ̀, kì í jà. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lórí sìmẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ dé ìbọ̀sẹ̀ funfun. Mo ti na ọwọ́ sí i, torí ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tó bá ṣubú, kódà tí nǹkan kan ò ṣe é, á kọ́kọ́ wá ojú àgbàlagbà kan ná, kó tó mọ̀ bóyá kí òun ké. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọwọ́ kan ṣí i, ó fi ọwọ́ kejì fọ orúnkún náà, ó ti omi pa, ó padà sídìí eré. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ pé akọni ni. Èmi ò lè sọ nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọ kékeré ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń wò. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mary Ainsworth. Ó ti bá dókítà ọpọlọ kan, John Bowlby, ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Uganda ní 1954. Nítòsí Kampala, ó ń lọ láti ilé dé ilé láàárín àwọn Ganda, ìdílé 26, ó ń jókòó ti ìyá àti ọmọ fún bí wákàtí méjì, ó sì ń padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti kọ́kọ́ rí nǹkan wọ̀nyí, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń pọnmọ tí wọ́n sì ń roko bí àwọn ìyá tiwa. Ohun tó rí níbẹ̀, ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ ọ́n: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ló máa ń lè rákòrò lọ jìnnà. Á tọ adìyẹ lẹ́yìn, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ṣì wà níbẹ̀, á tún tẹ̀ síwájú. Tí ẹ̀rù bá bà á, á yára padà wá rọ̀ mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí á tún gbéra. Mímọ̀ tó mọ̀ pé ẹni tí òun lè sá tọ̀ wà lẹ́yìn ló ń fún un lẹ́sẹ̀ àtilọ síwájú.

Nígbà tó dé Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó ṣètò ìdánwò kan tí kò ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ, fún ọmọ tó tó bí ọdún kan. Ìyá àti ọmọ á wọ yàrá tí ohun ìṣeré wà, àlejò kan á wọlé bá wọn, ìyá á jáde, á tún padà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹkún tí ọmọ sun nígbà tí ìyá jáde ni wọ́n ń wò. Ìgbà tí ìyá padà dé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lè ké títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, ṣùgbọ́n tí ìyá bá ti gbé e, á dákẹ́, á padà sídìí eré. Òmíràn á rọ̀ mọ́ ìyá, á tún máa tì í dànù, ẹkún ò sì ní tán, torí pé nílé, ìyá lè dá a lóhùn lónìí kó má dá a lóhùn lọ́la. Òmíràn ò ní ké, kò sì ní wo ìyá nígbà tó bá wọlé. Ọ̀wọ́ kẹrin tí àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Mary Main àti Judith Solomon, fi kún un lẹ́yìn náà ni ti ọmọ tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó sá tọ̀ gan-an ló ń dẹ́rù bà á. Á súnmọ́ ìyá, á tún dúró gbagidi láàárín yàrá, kò ní mọ ibi tí á gbà. Kí àwọn tó ń fi pàṣán dá ọmọ kékeré lẹ́kun ro ìyẹn dáadáa.

Èyí tí kò ké yẹn ló jẹ mí lógún jù. Ní 1977, àwọn onímọ̀ méjì, Sroufe àti Waters, gbé ìwádìí jáde lórí bí ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lù nínú yàrá náà. Ojú wọn tutù, ọwọ́ wọn wà lára ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n àyà wọn ń lù kì-kì-kì. Wọn ò gbàgbé ìyá o. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ni pé kí àwọn má fi hàn pé àwọn nílò rẹ̀.

Mo ti mọ èyí lára mi kí n tó kà á nínú ìwé. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ mi, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Olùkọ́ ni àwọn òbí mi ní Èkó, ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni wọ́n gbé mi wá. Ìyá àgbà ni mo mọ̀ ní ìyá. Láàárọ̀, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni nílé sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé mi lé itan lórí àpótí ìdáná, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: Àjíkẹ́, Àjíkẹ́ mi, ọmọ olóko iṣu. Wọn ò ní dẹ́kun títí ẹ̀rín á fi bọ́ lẹ́nu mi. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rín, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí àgbàlagbà àti ọmọ ṣe ń fi ojú àti ohùn dá ara wọn lóhùn báyìí ni ọmọ fi ń mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun nínú ní orúkọ, pé ẹlòmíràn lè bá òun gbé e. Ìyá àgbà mi ò kàwé. Tí wọ́n bá ń gún iyán lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ odó ni mo máa ń jókòó sí, òkèlè àkọ́kọ́ sì ni tèmi, láìsí ọbẹ̀, bó ṣe gbóná tó.

Nígbà tó tó àkókò ilé ìwé, bàbá mi gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n ní ká lọ ra bàtà. Ìyá àgbà wọ yàrá lọ, wọn ò jáde síta mọ́. Bàtà yẹn gbé mi dé Èkó.

Mo ké fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo kàn ń sùn ṣáá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dákẹ́, wọ́n sì sọ pé ara mi ti ń mọlé. Oṣù mélòó kan kọjá kí ìyá àgbà tó wá kí wa, pẹ̀lú iṣu àti èlùbọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ké Àjíkẹ́. Ẹ̀yìn àga ìyá mi ni mo wà. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi, èmi sì rìn kọjá lára wọn lọ sí ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ pé, "Ẹ ò rí i? Ó ti gbàgbé yín." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò gbàgbé wọn. Títí dòní mo mọ aṣọ tí wọ́n ró lọ́jọ́ náà, mo sì mọ òórùn èéfín tó wà lára rẹ̀ nígbà tí mo kọjá.

Ó pẹ́ kí n tó ka iṣẹ́ James Robertson, tó bá Bowlby ṣiṣẹ́. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí òbí máa wá wo ọmọ bó ṣe wù wọ́n. Robertson ń wo àwọn ọmọ kékeré tó wà níbẹ̀, ó sì rí i pé ọmọ á kọ́kọ́ figbe bọnu, lẹ́yìn náà á rẹ̀wẹ̀sì, lẹ́yìn náà á wá dákẹ́, á máa jẹun, á máa bá gbogbo nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì á sì ní ó ti ń mọ́ ọn lára. Ìgbà tí ìyá bá dé tí ọmọ yí ojú sí ògiri ni wọ́n tó ń mọ̀. Ó fi èyí han àwọn dókítà nínú fíìmù kan ní 1952, inú ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dùn sí i. Ní 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn dá a lábàá pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa wọlé sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbàkígbà. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rí ara mi lẹ́yìn àga.

Bowlby fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ìyá tó bí i ló tọ́ ọ. Ilé olówó ni wọ́n bí i sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1907, ìyá rẹ̀ kì í sábà rí i ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà pé kó máa tọ́jú ọmọ, tó ń jẹ́ Minnie, ni ọkàn rẹ̀ fà mọ́. Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí Minnie lọ, ọgbẹ́ ọ̀hún kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń fi orúkọ Bowlby dẹ́rù ba ìyá tó ń ṣiṣẹ́, pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, rántí ìyẹn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ 12 péré, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Ọba ò tilẹ̀ ní ìyẹn. Ta ni á wá dá a lẹ́bi pé ó gbọ́mọ fún ìyá rẹ̀ mú?

Ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn Hausa níhìn-ín ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1977, fi hàn pé ọmọ lè rọ̀ mọ́ èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bàbá wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan máa ń ṣáájú àwọn yòókù lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà, màmá àgbà kọ́ ni ìṣòro, ilé ìtọ́jú ọmọ kọ́ sì ni, bí ẹni tó ń gbà á láàárọ̀ bá jẹ́ ẹni kan náà. Ohun tó ń dá ọmọ lọ́gbẹ́ ni kí ọmọ ọ̀dọ̀ tòní yàtọ̀ sí tàná, àti kí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ láìsọ fún un, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dégbò ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí ní ẹ̀yìn tó ń pọ̀n wọ́n, àwa la sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lójijì.

Ìgbéyàwó ni ti tèmi ti hàn jù. Àkúrẹ́ lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń rìnrìn àjò. Láti alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa gbéra ni ohùn mi á ti yí padà. Mi ò ní jà, mi ò ní bínú. Màá di báàgì rẹ̀, màá se oúnjẹ, ohunkóhun tó bá sọ, "ó dáa" ni màá fi dáhùn. Tó bá dé, màá kí i, màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, màá sì rí iṣẹ́ kan ṣe ní yàrá kejì. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi pé, "Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ tí mo bọ̀, ńṣe ni mo ní láti tún fẹ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ìjerò ni wọ́n ti tọ́ òun, nínú agboolé tí ìyá rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé àti ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ti ń du ẹ̀yìn tí wọ́n máa fi pọ̀n ọ́n. Ó lè sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àárò mi sọ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde lẹ́nu mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́.

Ní 1987, Hazan àti Shaver ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ìṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Ainsworth rí lára ọmọ ọdún kan ni àwọn náà rí lára àgbàlagbà tó ń fẹ́ra: ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀rù ṣáá pé wọ́n máa fi òun sílẹ̀, àti ẹni tó máa ń fà sẹ́yìn tí ìfẹ́ bá ti ń súnmọ́ ọn jù. Mo rí ara mi níbẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àyànmọ́. Ní Minnesota, Sroufe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan láti ìgbà tí wọ́n wà nínú oyún ní nǹkan bí 1975 títí wọ́n fi dàgbà. Ìbẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì, ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà sì ṣe pàtàkì: olùkọ́ rere, ọ̀rẹ́ tòótọ́, ọkọ tàbí aya tí kì í sá. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Mary Main, ẹni tó ní kí àgbàlagbà ròyìn ìgbà èwe wọn. Ẹni tó bá lè sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí, tí kò fi pamọ́, tí kò sì rì sínú rẹ̀, kódà bí ìtàn náà bá korò, ọkàn ọmọ tirẹ̀ sábà máa ń balẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n lọ bi ìyá mi léèrè ọ̀rọ̀ bàtà yẹn. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Ìyá mi sunkún kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ìyá àgbà ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún mi, torí pé tí òun bá gbọ́ ẹkún mi, òun ò ní lè jẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan ni wọn ò fi gúnyán nílé yẹn lẹ́yìn tí mo lọ. Mo ti gbé e sáyà láti kékeré pé ńṣe ni wọ́n kàn wọlé tí wọ́n sì gbàgbé mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Nígbà tó tún máa rìnrìn àjò, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo sọ pé, "Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ." Ó lọ ṣá o, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ẹnu ọ̀nà ló ti bá mi.

Ní ilé ìwé wa báyìí, a kì í jẹ́ kí òbí yọ́ lọ. Kí ó dágbére, kí ó sọ ìgbà tí á padà lọ́nà tó yé ọmọ: "Tí ẹ bá ti jẹun ọ̀sán, tí ẹ sùn, tí ẹ jí, màá ti dé." Kó sì dé lóòótọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹtí kan pàtó tó ń gbà á láàárọ̀. Ẹkún wà níbẹ̀ gan-an, àwọn òbí kan sì ń ráhùn. A máa ń ṣàlàyé.

Èmi ni mo gba ọmọkùnrin yẹn ní tèmi. Mo béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ màmá àgbà, láràárọ̀ ni mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í. Kì í wò mí. Mo bẹ màmá pé kí wọ́n sọ òtítọ́ ibi tí ìyá rẹ̀ wà fún un, wọ́n sì ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sunkún títí di ọ̀gànjọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ náà wá ń pè lórí fídíò ní àkókò kan náà lálẹ́. Mo ní kó yé bi í pé "ṣé o ti jẹun, ṣé o ń kàwé," kó kàn pa àlọ́ fún un, kódà bí ọmọ bá kọ ẹ̀yìn sí fóònù. Ó ń pa á. Ọmọ kọ ẹ̀yìn sí fóònù fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò ní yàrá. Lọ́dọ̀ tiwa, àmì àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ó gbé bàtà rẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun so okùn rẹ̀. Ó mọ okùn bàtà so dáadáa.

Físà rẹ̀ ti jáde. Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí bàbá wá mú un láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A ti jọ sọ̀rọ̀ sí i, ìyá ló ń bọ̀ báyìí, á sì gbé nínú ilé màmá àgbà títí ọmọ á fi jẹ́ kó máa wẹ òun, kó máa fún òun lóúnjẹ, kó wá máa tẹ́ òun sùn. Màmá á sọ fún un lẹ́nu ara wọn pé ó ń lọ, wọ́n á sì sìn wọ́n dé ọkọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ẹkún ń ba àwọn. Mo ní kí wọ́n sun ún níṣojú rẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà sí olùkọ́ tó máa gbà á lọ́hùn-ún. Mo kọ oríkì rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn kí wọ́n fi àyè kan náà sílẹ̀ fún un láti jókòó, àti pé kí wọ́n jẹ́ kó máa bá màmá rẹ̀ ní Adó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo wá kọ ọ́ pé tó bá ṣubú tí kò wo ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má dúró dè é, kí wọ́n lọ bá a.